Ìwé Òṣùwọ̀n

Báírò ọwọ́ mi ò tíì kọ́ irọ́ pípa.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: Odúnlámì, àpò mẹ́rin,
òkúta méjì nínú èyí tó gbẹ̀yìn.
Bàbá mi ni.
Mo fa ìlà òkúta náà rẹ́, mo jù wọ́n sínú koríko,
n kò wí nǹkan kan.

Níbí, lẹ́yìn ojú irin Sábẹ
níbi tí rélùwéè ti dákẹ́,
kajú ni gbogbo wa ń jẹ láìfi í sẹ́nu.
Aago méje, fóònù ọ̀gá dún:
ẹnì kan ní ìlú tí n kò lè pe orúkọ rẹ̀
ti jí, ó ti mu tíì,
ó ní kajú ti pọ̀ jù láyé lọ́dún yìí.
Báyìí ni àádọ́ta fáráǹkì ṣe já bọ́ lára kílò kan
kí ìrì tó gbẹ lórí ewé.

Bàbá ò bínú. Ó ń wo abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n
bí ẹni ń wo ẹnu aláìsàn.

Iṣu ló wà lóko yẹn nígbà tí mo wà lẹ́yìn ìyá mi,
láàbókò tó ki bí itan ọkùnrin,
àti igi igbá méje tí baba rẹ̀ kò jẹ́ kí àáké kàn.
Àwọn kan wọ bàtà funfun wá,
wọ́n ní, gbin ohun tí ayé ń rà.
Ó gbìn ín. Ayé rà á.
Ayé sì gbin tirẹ̀ náà.

Nísinsìnyí à ń ra iṣu lọ́wọ́ àwọn tí à ń tà á fún rí.
Adìẹ tí Ìyá fi ṣe àlejò lánàá
kò kọ rí nílùú wa,
itan rẹ̀ nìkan ló dé, nínú yìnyín,
orí rẹ̀ kù sí òkè òkun.
Síbẹ̀ owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti àgbébọ̀ ẹ̀yìnkùlé
tó ń fi ojú kan wò wá
bí ẹni tó mọ iye ara rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Démmo yà kí wa.
Kò da màlúù.
Tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ìkórè, ẹran rẹ̀ á jẹ pòròpórò wa,
á fi ìgbẹ́ san án,
kò sí ìwé, kò sí kílò.
Kajú ti dí ojú ọ̀nà wọn.
Ó ní òun ta mẹ́tàlá, ó ku mẹ́sàn-án,
ọmọ òun ń fi alùpùpù gbé èrò ní Kútọnu.
Òun àti Bàbá jókòó lórí àpò òfìfo,
wọ́n ń dárúkọ àwọn màlúù tó ti lọ,
ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àwọ̀ ara rẹ̀.

Mo ṣí ìwé mi. N kò rí ibi tí mo lè kọ ìyẹn sí.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo wá òkúta méjì yẹn nínú koríko,
mo gbé wọn lé òṣùwọ̀n.
Kílò kan àbọ̀.
Ohun tí bàbá mi fẹ́ gbà padà lọ́wọ́ ayé
kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.