Ìwé Àbájáde, Aago Mẹ́ta Òru

Jẹnẹrétọ̀ kú lẹ́ẹ̀kan, ó tún jí.
Ọyẹ́ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí ẹni tí a jẹ lówó.
Ní ilé ìwòsàn Kábà, mo jókòó ti ẹ̀jẹ̀ ẹni méjì
nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́:
ti Màmá Ìpínmoròtì, tí ń sá láfún tà ní Ògìdì,
àti ti Ṣàánúmi, ọmọ télọ̀ Ìyàrà,
tí kò tí ì pé ogún ọdún.

Ibà eku ni. Ìyẹn ti yé wa.
Eku kan ló gun orí ẹní tí wọ́n sá láfún sí,
ó tọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.
Kò mọ̀ pé òun ti fọwọ́ sí ìwé.

Mo kó ìgò sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń pòòyì.
Ẹ̀jẹ̀ tó wọlé ní pupa kan ṣoṣo
jáde ní méjì: èyí tó pọ́n sùn sísàlẹ̀,
omi rẹ̀ dúró lókè bí omidùn lórí ọ̀gì.
Omi yẹn ni mo ń bi léèrè.

Ó ní ẹ̀dọ̀ màmá ń wó bí ògiri amọ̀ tí òjò mẹ́ta lù.
Ó ní kíndìnrín rẹ̀ ti jókòó sẹ́nu iṣẹ́.
Àwọn wóróró tí ń dí ojú ọgbẹ́,
tó yẹ kí wọ́n pọ̀ bí èrò ìsìn ọdún tuntun,
ti kù bí èrò ìpàdé àdúrà ọjọ́ Wẹ́sidé.

Ti Ṣàánúmi dára. Kò dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó dára.
Ìwé tí a fi ń wọn ìyè sọ pé
ẹlẹ́jẹ̀ báyìí, nínú mẹ́wàá, mẹ́jọ á padà sílé.
Ti màmá ńkọ́?
Méjì.
Mo nu awò ojú mi, mo tún un kà.

Ọkọ̀ kan ló wà. Epo inú rẹ̀ kò ju àlọ lọ.
Ẹ̀rọ tí ń bá kíndìnrín ṣiṣẹ́ wà lọ́nà jíjìn,
lẹ́yìn Àkókó, níbi tí ọ̀dà ti di kòtò.
Dókítà Òṣàgbèmí wo ìwé, kò wo ojú mi.
"Ẹ gbé màmá."
Ilé tí iná ti mú ni a ń gbé omi sáré lọ.

Bàbá Ṣàánúmi dúró lẹ́yìn fèrèsé,
téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.
"Òkun o, ọmọ mi. Kí ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wí?"
Mo ní, "Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, bàbá."
Irọ́ kọ́.
Òótọ́ yẹn ni mo ṣì ń gbé kiri.

Màmá kú kí wọ́n tó dé Ọ̀kà.
Dẹ́rẹ́bà ní ó bi òun lẹ́ẹ̀mejì
bóyá òjò ń bọ̀, bóyá wọ́n ti kó láfún wọlé.
Nínú ẹ̀ẹ̀rùn gangan.

Ṣàánúmi yè.
Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án ó dìde jókòó,
ó bi nọ́ọ̀sì pé ta ló pa jẹnẹrétọ̀,
nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ògiri
tí ife omi ń gbọ̀n lórí tábìlì.
Etí méjèèjì ti lọ. Etí kò sí nínú ohun tí mo wọ̀n.

Nọ́ńbà kò ṣìnà. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.
Ó sọ ẹni tí yóò lọ àti ẹni tí yóò kù,
ó pa ẹnu mọ́ lórí ìyókù.

Lóṣù tí kajú ń pọ́n, bàbá rẹ̀ wá,
ó gbé aṣọ iṣẹ́ funfun kan wá nínú ọ̀rá.
Kò fi téèpù kàn mí rí. Ó ní ojú lòun fi wọ̀n mí
láti ẹ̀yìn fèrèsé, lóru ọjọ́ yẹn.
Mo gbé e wọ̀. Ó bá mi mu,
àfi apá òsì,
tó fi ìka kan kúrú.