Kànga Bàbá Mi

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà dé yàrá àyẹ̀wò wa
ní Èbúté Mẹ́ta, lẹ́yìn ojú irin.
Àpótí mẹ́rin. Ọmọkùnrin tó wá tò ó
ò tíì tó àbíkẹ́yìn mi lọ́jọ́ orí.
Ó ní, "Bàbá Lásísì, ẹ má fọwọ́ kan ibí yìí o."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń yẹ omi Èkó wò:
mo ń kán oògùn sínú ìgò, mo ń gbé e sójú fèrèsé,
mo ń fi àwọ̀ wé àwọ̀ lára páálí tí oòrùn ti jẹ.
Imú mi mọ omi Ìjọra yàtọ̀ sí ti Ìwáyà.
Kò sí kànga tí n kò yẹ̀ wò
àfi ẹyọ kan.

Kànga bàbá mi ní Láfíàjí.
Òun fúnra rẹ̀ ló fi ṣọ́bìrì àti orúnkún gbẹ́ ẹ.
Omi ibẹ̀ mọ́ gaara,
ó tutù débi pé eyín á máa ta ọ́.
Ta ní ń yẹ ọyàn ìyá ẹ̀ wò kó tó mu ún?

Ẹ̀rọ tuntun ò mọ bàbá ẹnì kankan.
Nígbà tí wọ́n ní kí kálukú mú omi wá fi dán an wò,
ọwọ́ mi ló gbé kẹ́ẹ̀gì, èmi kọ́.
Ó kùn díẹ̀ bí ológbò tó yó,
ó tan iná búlúù, ó dákẹ́,
ó wá to nọ́ńbà sílẹ̀: pupa, pupa, pupa.
Ìgbẹ́ ènìyàn ló wà nínú omi náà.
Ọmọkùnrin yẹn ní, "Ṣé ṣaláńgá wà nítòsí ni, sà?"
Mo ní ó wà. Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.

Mo jókòó.

Mo ní àbúrò kan rí, Múnírátù. Ọdún mẹ́ta ló lò.
Ìgbẹ́ gbuuru àti èébì, òru méjì péré, ó parí.
Wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni.
Wọ́n ní Ìyá Sẹ̀wánú ni,
opó Ẹ̀gùn tó háyà yàrá ẹ̀yìn.
Wọ́n da ẹrù ẹ̀ síta lójú òjò.
Ó bu omi ife kan mu nínú kànga wa kó tó lọ,
ó dúpẹ́.

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹlẹ̀ tútù.
Bàbá mi dà á. Ilẹ̀ tútù náà rèé,
àwa la wà nínú ẹrẹ̀.

Mo gbọ́ pé ó ṣì wà láyé, ní Bárígà,
pé ojú ẹ̀ ò ríran mọ́.
Màá lọ ní Sátidé. N ò ní mú ẹ̀bùn dání,
ìwé èsì yìí nìkan. Màá kà á sí i létí,
nọ́ńbà kan lẹ́yìn èkejì.
Bó bá fún mi lómi,
màá mu ún.