Nínú Ikùn Ìbọn

Bàbá mi tú u sórí ìwé ìròyìn àná,
ní yàrá wa ní Òpópónà Kánò, Èbúté-Mẹ́ta.
Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú.
"Pọ́ńpù," ó ní, "ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó kọ́kọ́ mọ fífà."

"Kí irú eléyìí tó dé, ṣakabùlà ni:
rọ ẹ̀tù, ki àkísà, ki ọta, gún un mọ́lẹ̀,
kí o tó gún ẹ̀tù tán, etu ti dé Ṣàgámù.
Wọ́n wá ṣe ẹlẹ́nu méjì. Méjì náà ò tó.
Ẹnì kan bá jókòó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀,
ọwọ́ òsì tó kàn ń gbé igi lásán.
Ó ní, ìwọ náà, wá ṣiṣẹ́."

Ó fa igi abẹ́ ẹnu rẹ̀ sẹ́yìn. Ṣàkà.
Ó tì í síwájú. Ṣíkì.
Bí káfíńtà ṣe ń ti ìfági.

Ṣùgbọ́n àkọ́dá kì í pé.
Òòlù rẹ̀ wà níta gbangba, ó ń bu àtàǹpàkò jẹ;
àtàrí rẹ̀ là sílẹ̀, òjò ń wọ̀ ọ́;
páálí sì ni ọta ayé ìgbà náà,
ọ̀rinrin ọ̀sà á mú un wú bíi gààrí inú omi,
á há sọ́nà ọ̀fun.
Àwọn àbúrò rẹ̀ ni wọ́n gbé òòlù wọlé,
tí wọ́n ṣí fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́,
tí wọ́n kọ́ láti tilẹ̀kùn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Bàbá dákẹ́. "Gbé iná súnmọ́ mi."
Súpíríǹgì kan wà níbẹ̀ tí kò jọ ẹbí rẹ̀,
ó fẹ̀, ó dúdú, fáìlì ti rẹ́ etí rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.
Irin inú gírámafóònù ni.
"Lànàsé," ó ní. "Ọ̀gá mi, ní ṣọ́ọ̀bù rélùwéè.
Ọ̀sán, ẹ́ńjìnnì ìjọba; òru, ìbọn oníbọn.
Mo mọ ọwọ́ rẹ̀."

Ẹni tó kọ́kọ́ ya ìbọn yìí sórí ìwé
kò mọ iyọ̀ tó ń jẹ irin níbí,
kò mọ ọkùnrin tó tú orin palẹ̀
kí ìbọn ọlọ́dẹ báǹkì kan lè tún máa mí.

Ọmọ olóògbé ọlọ́dẹ ń bọ̀ láàárọ̀,
yóò gbé e lọ fún ìjọba,
wọ́n á fi iná gé e sí wẹ́wẹ́.
Bàbá tò ó pọ̀. Ó nu ọwọ́.
Ó ku ẹyọ kan lórí ìwé ìròyìn.
Mo na tọ́ọ̀ṣì sí i, kó lè rí i.
Ó ní, "Pa iná."