Ayálégbé Kò Sí Nínú Òwe

Ọjọ́rú ni rédíò sọ ọ́,
láàárín ìkéde òkú àti ìpolówó ọṣẹ:
ìjì ńlá kan ti dìde lójú òkun,
yóò kan èbúté láfẹ̀mọ́jú ọjọ́ Ẹtì,
òjò inú rẹ̀ yóò wá fẹsẹ̀ rìn wọ òkè,
dáàmù Ọ̀yán lè má lè pa ẹnu dé.
Kí ará etí odò tètè palẹ̀ mọ́.

"Kí ló kàn wá kan òkun?" ni Ṣówùnmí wí.
Táyà ló ń lẹ, kò gbójú sókè.
"Abẹ́ òkúta ni wọ́n ń pe ìlú yìí.
Ẹ jẹ́ kí ará etí òkun sunkún òkun."
A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu.
Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Odò Ògùn ń kọjá,
ó pọ́n bí omi tí bíríkìlà fi fọ ẹsẹ̀.

Fẹ̀hìntọlá gbé kẹ́ẹ̀gì epo òyìnbó rẹ̀ kalẹ̀:
"Àbúrò mi tó lọ́kọ sí Ìlàjẹ pè mí lánàá.
Ó ní àwọn ti tú páànù fúnra àwọn
kí afẹ́fẹ́ tó bá àwọn tú u.
Nígbà tó jẹ́ ìyàwó tuntun, kókósẹ̀ ni omi ń mọ;
ojú fèrèsé ló wà báyìí.
Ó ní ṣé yàrá mi lè gba ènìyàn mẹ́fà.
Mo ní kó máa bọ̀.
Mi ò sọ fún un pé àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé wa
ti wà nínú odò láti àná."

Bàbá Fáṣínà, tó fẹ̀yìn tì ní rélùwéè,
ló fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí ẹsẹ̀ gádà Láfẹ́nwá:
ìlà kan, ọdún tí omi gbé agbo ewúrẹ́ Àlàájì lọ;
ìlà kan, ọdún tí a wa ọkọ̀ wọ ilé kéú;
ìlà òkè pátápátá, kì í sọ tọdún náà.
"Odò yìí kì í purọ́," ló wí,
"ó máa ń dá ọjọ́.
Wákàtí ni kì í dá."

Múdàṣírù, oníṣẹ́ pákó, wá pòwe, ó rò pé òun ń tù wá nínú:
àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó,
onílé ni ò ní gbà fún un.
Onílé dà?
Tiwa ń gbé Ìbarà, lókè lọ́hùn-ún,
oṣù Ṣẹẹrẹ nìkan ló mọ ọ̀nà wa.
A pè é. Ó ní ká rí i pé a ti ilẹ̀kùn dáadáa.
Òwe dárúkọ àgbàrá, ó dárúkọ onílé;
ayálégbé kò sí nínú òwe.

Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi gun tábìlì,
mo gbé tábìlì gun bẹ́ẹ̀dì.
Aṣọ ilé-ìwé ọmọ mọ́kànlá tí kò tíì ní bọ́tìnì,
mo fi kọ́ igi àjà.
Wọ́n ń mì níbẹ̀ bí ọmọ tí olùkọ́ ní kó dìde.

Lóru mo gbọ́ ìró kan, fúú, fúú.
Ṣówùnmí ni, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú túùbù,
ó ń so wọ́n mọ́ra wọn, mẹ́rin, márùn-ún, méje.
Mi ò bi í léèrè òkun.
Mo di etí okùn kejì mú fún un.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, fóònù Fẹ̀hìntọlá dún.
Wọ́n ti dé Ṣágámù, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àti adìyẹ kan.
Àbúrò rẹ̀ ní ṣé ilẹ̀ gbẹ lọ́dọ̀ wa.
Bàbá Fáṣínà tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹsẹ̀ gádà,
ó wá ìlà ewúrẹ́, kò rí i.
Ó gbé iná náà sókè díẹ̀,
ó tún gbé e sókè.