Ìṣẹ́jú Márùn-ún

Èmi ni mo ń ṣọ́ aago.
Iṣẹ́ mi nìyẹn nílé ìtọ́jú eyín ní Ísafjörður,
níbi tí òkè ti ká òkun mọ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe ń ká omi mímu,
tí òòrùn kì í yọjú láti ìparí Nofẹ́ńbà
títí a ó fi dín àkàrà pẹlẹbẹ kí i káàbọ̀ nínú oṣù kìíní.

Eyvindur sùn sẹ́yìn lórí àga,
ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di apá àga mú
bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ nígbà ìjì.
Láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń tún àwọ̀n ṣe,
eyín ló sì fi ń já okùn.
Ọ̀bẹ wà lápò o.
Eyín ló yá jù, ó ní.

Ní báyìí eyín iwájú ń mì
bí òpó èbúté tí omi ti jẹ nídìí.
Láràárọ̀ ló ń tu ẹ̀jẹ̀ sínú àwo ìfọwọ́,
á ṣí omi sí i gidi, kó tètè ṣàn lọ
kí ìyàwó tó wọlé.
"Ọjọ́ ogbó ni," ó ní.
"Ẹni tó bá pẹ́ láyé, eyín á fi í sílẹ̀."

Dókítà Torfhildur ò bá a jiyàn.
Ó mú irin tín-ín-rín,
ó rọra tì í sáàárín eyín àti èrìgì,
níbi tí búrọ́ọ̀ṣì kì í dé,
tí ahọ́n pàápàá, aládùúgbò àtọdúnmọ́dún,
kò mọ̀ pé yàrá kan wà.
Ohun tó wà jáde kò tó orí abẹ́rẹ́.
Ó fi pa ara bébà,
mo fi omi tọ́ apá kejì,
mo ṣẹ́ ẹ po, mo tì í sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń gbóná.

Ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ní ìṣẹ́jú kìíní, a gbọ́ katakata tó ń kó yìnyín lójú títì.
Ní ìkejì, ó bi mí bóyá ooru ẹ̀rọ yẹn
ń dun àwọn kòkòrò náà.
Mi ò rẹ́rìn-ín. Tọkàntọkàn ló fi béèrè.
Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó pẹ́,
kó tó sọ pé ìyá òun kú láìku eyín kan lẹ́nu,
ẹja lílọ̀ ni wọ́n ń fi ṣíbí bọ́ ọ,
gbogbo ilé sì ní ọjọ́ ogbó ni.
"Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?" ni mo bi í.
"Mọ́kàndínláàádọ́ta."
Ó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀.

Aago ké.
Mo ṣí bébà.
Aró! Aró tó mu,
bí àwọ̀ tí alẹ́ ń ta sórí yìnyín létí òkun.

"Ta wá ni wọ́n?"
"Bébà yìí ò mọ orúkọ wọn," ni dókítà wí.
"Ó kàn mọ̀ pé wọ́n wà nílé ni.
Ẹlẹ́rìí ni, kì í ṣe adájọ́.
Kòkòrò tó ń jẹ àwọ̀n,
ṣebí inú àwọ̀n ló ń sùn."

Eyvindur rẹ́rìn-ín, ọwọ́ bo ẹnu bí ìṣe rẹ̀.
"Ó sàn kó jẹ́ olè.
Olè ṣe é lé.
Ta ló lé ọjọ́ ogbó rí?"
Ó fẹ́ mú bébà náà lọ sílé. A ò gbà fún un.
Ó ní kí n jẹ́ kóun tún wò ó lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo pa iná ìta.
Bébà kan ṣẹ́ kù nínú páálí.
Ìyá tèmi náà máa ń ṣí omi sílẹ̀ láràárọ̀.
Mo gbé digí, mo mú irin,
mo ti bébà sẹ́nu ẹ̀rọ, mo tẹ aago.
Àga ṣì lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ láti ara ẹni tó dìde.
Ìṣẹ́jú kejì ni mo tó rí i
pé mo ti di apá rẹ̀ mú.