Ọ̀fun Mẹ́fà

Òwúrọ̀ Ọjọ́rú, òjò Ìṣọ́kùn ò tíì dá
tí Akínlúyì ti ọkọ̀ rẹ̀ wọ abẹ́ páànù wa:
Bíẹ́mù pupa, ọkọ̀ eré àsápajúdé,
tó ń wúkọ́ bí ẹni tó gbé eegun ẹja mì.
"Ẹ bá mi ra tuntun sí i," ló wí.
Ọ̀gá ò dáhùn. Kì í ṣe ìgbéraga;
etí ọ̀gá ti di,
ogójì ọdún ariwo sàlẹ́ńsà ló dí i.

Mo tú àpótí afẹ́fẹ́ kúrò.
Ọ̀fun mẹ́fà tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n la ẹnu sílẹ̀,
labalábá idẹ kọ̀ọ̀kan nínú wọn,
èéfín lẹ̀ mọ́ wọn níyẹ̀ẹ́ bí ìdí ìkòkò àsáró.
Wọ́n ní labalábá ò lè ṣe ìṣe ẹyẹ.
Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì rí ti inú ẹnjìnì
kó ṣí ìyẹ́ lójijì ní òkè Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà.

Mo na ọwọ́ sí ọ̀bẹ. Ọ̀gá gbà á lọ́wọ́ mi:
"Ta ní ń fi ọ̀bẹ họ ahọ́n ọmọ?"
Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́, àkísà tó ti gbó dáadáa,
oògùn inú agolo tí òórùn rẹ̀ ń ta nímú,
díẹ̀díẹ̀. Omi dúdú ń ṣàn gba àárín ìka mi.
Ìkẹta ló bà mí nínú jẹ́:
ẹnìkan ti fi sáńpépà ha á rí,
ojú ọgbẹ́ náà ṣì ń dán.

Òjò dá. Mo sítáàtì rẹ̀.
Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ la máa ń fi sétí
láti mọ ọ̀fun tó ń mí ju èkejì lọ.
Ọ̀gá gbé ẹnu rọ́bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dijú.
Afẹ́fẹ́ ń fa awọ arúgbó náà
bí ọmọ tuntun ṣe ń fa ọmú.
Ní ìkẹta, ó gbé ìka sókè.
Mo yí nọ́ọ̀tì, bíńtín. Ó mi orí.
Mo dá a padà, ó ku bí irun kan.
"Ó tó."

Ikọ́ dá. Ẹnjìnì ń kùn bí ilé oyin.
Akínlúyì ti mú kọ́kọ́rọ́, ó ń rẹ́rìn-ín:
"Ọ̀gá, lọ́la ni mò ń mówó yín bọ̀."
Èyí lọ̀gá gbọ́!
Ó rìn lọ síwájú bọ́ńpà,
ó ká ṣòkòtò kọjá orúnkún, ó lóṣòó
bí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe ń lóṣòó gba owó aṣọ nílùú onílùú.
Mo gbé agolo sílẹ̀,
èmi náà lóṣòó tì í.
Ọ̀fun mẹ́fà ń mí sí wa lójú,
ọ̀kankan ò yára ju èkejì lọ.