Ojúlé Kẹrìnlá

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń pín lẹ́tà ní Porto,
orúnkún mi mọ àtẹ̀gùn ilé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.
Láti ìgbà òtútù ni lẹ́tà ti ń há sí mi lọ́wọ́:
ilẹ̀kùn ti pààrọ̀ àwọ̀, àgádágodo ti di tuntun,
àlejò tó háyà yàrá fún ọjọ́ mẹ́ta
ń bi mí pé, "Ta ló ń jẹ́ Deolinda?"

Lónìí Sátidé, n ò wọ aṣọ iṣẹ́.
Mo rìn lọ síwájú gbọ̀ngàn ìlú
níbi tí wọ́n pàgọ́ sí láti ọjọ́ mẹ́rìndínlógójì.
Wọn ò sọ̀kò, wọn ò fọ́ gíláàsì,
wọ́n kàn dógò ni,
bí olówó ṣe ń dógò ti ajigbèsè.

Ọmọkùnrin kan na ọ̀bẹ àti ọ̀dùnkún sí mi
láìbéèrè orúkọ. Mo bó mẹ́ta. Mo bó mẹ́wàá.
Ọlọ́pàá méjì dúró lábẹ́ igi, ọ̀kan ń yán;
ìyá arúgbó kan gbé kọfí fún un,
ó kọ́kọ́ wo ojú ọ̀gá rẹ̀ kó tó gbà á.

Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i:
wọ́n ti fi ọ̀dà kọ ọ́ sára àgọ́ kọ̀ọ̀kan,
ilé tí wọ́n lé wọn kúrò.
Ojúlé kẹjọ, Òpópónà Alfarim, ẹ̀yìnkùlé.
Ojúlé kẹrìnlá, Òpópónà Loureira, àjà kẹta.
Àdúgbò tí mo fi wákàtí mẹ́ta ń gùn
ti ká jọ bí ẹní, kò ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ.
Abílio onísọ-bàtà nìyẹn, ó ṣì ń so bàtà.
Ajá rẹ̀ tó máa ń gbó mọ́ mi láti òkè
wá ń gbóòórùn ọwọ́ mi, kò wí nǹkan kan.

Mo sáré relé, mo gbé àpò.
Òfin iṣẹ́ wa ò mẹ́nu ba àgọ́;
ó ní kí lẹ́tà dé ibi tí a kọ sára rẹ̀.
Ìwé owó iná, fún ẹni tí kò níná mọ́.
Káàdì ọjọ́ ìbí tó ti pẹ́ oṣù mẹ́rin.

Mo wá ibi tí mo máa kàn. Aṣọ ni gbogbo rẹ̀.
Mo ní, "Àgò onílé o!"
Deolinda dákẹ́ díẹ̀
lórí "onílé" yẹn.
Ó ní, "Àgò yà.
Wọlé. Rọra o, ibẹ̀ yẹn ń jò."